Ibi Tó Yẹ Kí Owó Kékeré Lọ Nínú Fíìmù Ìhìnrere

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà láàrin ọdún 1990 sí 2000 tí kò mọ Ìṣáwùrú kò wọ́pọ̀. Kí ọmọdé ṣáà ti gbọ́ orúkọ ọ̀tá inú fíìmù Àgbára Ńlá yìí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń sá sí. Bí a bá tún fíìmù náà wò lónìí, àléébù rẹ̀ kò fara sin. Àwòrán rẹ̀ ṣú, ohùn ń lọ sókè ń wá sílẹ̀, iná kò tó láwọn ibì kan, idán tí wọ́n fi kámẹ́rà pa nínú rẹ̀ kò sì ju ohun tí ọmọ iléèwé lè fi fóònù ṣe nísinsìnyí lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá jókòó tì í kì í tètè dìde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn fíìmù kan wà tí owó rẹpẹtẹ lọ sórí wọn, tí a wò lóṣù tó kọjá, tí a ò rántí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Mo ti ń wo irú eré yìí láti kékeré, mo sì ti dúró ti àwọn tó ń ṣe é níbi iṣẹ́ wọn. Ohun tó dá mi lójú ni pé owó kékeré kì í ba fíìmù ìhìnrere jẹ́. Àìmọ ibi tó yẹ kí owó kékeré náà lọ ló ń bà á jẹ́.

Eré inú ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Hubert Ogunde, ẹni tí gbogbo wa gbà ní bàbá eré oníṣe Yorùbá, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà tí Ìjọ Olúwa ti àwọn Aládùúrà ní Ẹbúté-Mẹ́ta ní kó bá àwọn ṣe eré tí wọ́n máa fi kówó ilé ìjọsìn jọ. Eré náà dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ni wọ́n sì ti ṣe é ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Inú ìjọ ni Dúró Ládiípọ̀ náà ti gbéra ní Òṣogbo. Orin Àjíǹde tó gbé kalẹ̀ ní 1961, tó fi ìlù ìbílẹ̀ sí, dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìjọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Àwọn méjèèjì ti inú ìjọ bọ́ sí ìta gbangba, eré wọn sì di ti gbogbo ayé. Àwọn tó wá dé ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn Mbárí Mbáyọ̀ ló pinnu pé níbi tí ìwàásù bá wà ni eré máa wà, pé kò sí èyí tó máa fi ìkejì sílẹ̀.

Mike Bamiloye, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Àgbára Ńlá, ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Iléṣà ni wọ́n bí i sí ní 1960, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpetumodù, ó sì dá Mount Zion Faith Ministries sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1985. Ìyàwó rẹ̀, Gloria, jọ bá a ru ẹrù náà ni. Orí ìtàgé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Eré wọn kan, Hell in Conference, wáyé níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ Krìstẹ́nì ní Iléṣà ní 1986. Kí wọ́n tó dé iwájú kámẹ́rà, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń mú gbọ̀ngàn kan dákẹ́ láìsí makirofóònù. Èyí ló fà á tí àwọn òṣèré fi ń sọ̀rọ̀ rara nínú àwọn fíìmù àkọ́kọ́, tí ọwọ́ wọn ń jù sókè jù sódò. Wọ́n ṣì ń bá ẹni tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá sọ̀rọ̀.

Àsìkò tí wọ́n bọ́ sí náà bá wọn mu. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wọlé ní 1986, náírà já wálẹ̀, fíìmù àtijọ́ tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré wa. Kámẹ́rà fídíò, èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ló gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá lè yá irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lè ṣe fíìmù. Àwọn oníhìnrere rí ààyè wọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèré yòókù ṣe rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní nǹkan kan tí àwọn yòókù kò ní: ìjọ wà lẹ́yìn wọn.

Ìjọ yìí ló ń di owó. Ilé alàgbà tó ní àga aláwọ ni ilé olówó inú fíìmù. Ọkọ̀ rẹ̀ náà ni ọkọ̀ máníjà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè rí palọ̀ kan náà nínú fíìmù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá ìjọ kan á ṣí àpótí, á kó aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìyàwó ọba. Ẹgbẹ́ obìnrin á se ìrẹsì ìkòkò ńlá. Àwọn òṣèré á kó wá sí ìpàgọ́ ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á sùn sórí ẹní nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ṣe lọ́yà láàárọ̀ ló máa di iná mú lálẹ́. Owó tó ń jáde ní tòótọ́ kò ju ti epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀, kámẹ́rà àti ẹni tó máa gé fíìmù lọ. Ọ̀pọ̀ òṣèré kò gba kọ́bọ̀.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, àdúrà ti ṣáájú. Ẹni tó kọ ìtàn á sọ pé ẹrù ló wà lọ́kàn òun, ẹgbẹ́ á gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n á sì tún gbàdúrà lórí ẹni tó fẹ́ ṣe àjẹ́ tàbí ẹ̀mí òkùnkùn. Àwọn kan tó ń kọ̀wé nípa fíìmù máa ń fo apá yìí kọjá bí ohun tí kò kan iṣẹ́. Lójú tèmi, òun gan-an ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí èèyàn fi gbàdúrà lórí ìtàn jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń rò ó. Nígbà tó bá wá kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà láti bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé tirẹ̀ rí. Iléèwé eré lè kọ́ni bí a ṣe ń sunkún. Ẹni tó ti fi omijé gbàdúrà rí kò nílò ẹ̀kọ́ yẹn, olùwòran sì máa ń mọ ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìran tí ẹ̀mí òkùnkùn ti ń pòórá, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Wọ́n á gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á dè é pinpin kó má baà mì. Òṣèré tó fi ẹfun àti èédú kunra á dúró sí àárín yàrá, pásítọ̀ á na ọwọ́ sí i, á pe orúkọ Jésù. Bó ṣe pè é tán ni olùdarí á kígbe pé kẹ́nikẹ́ni má mira. Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró. Ẹni tó kun èédú á yọ́ jáde. Ọwọ́ pásítọ̀ á ṣì wà lókè bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ bó ṣe ṣí sílẹ̀. Wọ́n á tan kámẹ́rà padà. Tí wọ́n bá so apá méjèèjì pọ̀, ẹ̀mí náà ti lọ. Ará Faransé kan, Georges Méliès, ti lo ọgbọ́n yìí láti 1896. Tí àwọsánmà bá bo oòrùn láàrin ìgbà tí wọ́n dá kámẹ́rà dúró sí ìgbà tí wọ́n tàn án padà, tàbí tí ọwọ́ ẹnì kan bá sún díẹ̀, àwòrán á fò, gbogbo ayé á sì rí i.

Mo ti rí i tó fò lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn tó ń wò ó kò sì bìkítà. Ojú pásítọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ojú yẹn bá gbà pé ẹ̀mí kan wà níwájú òun, ilé tó kún fún olùwòran á gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ojú yẹn bá ń wá ibi tí kámẹ́rà wà, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, owó tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń ná báyìí lórí iná tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, tó ń bù yẹ̀rì jáde lọ́wọ́ àwọn ẹ̀mí, dùn mí púpọ̀. Owó yẹn ìbá ṣe nǹkan níbòmíràn.

Ibòmíràn náà ni etí. Olùwòran máa ń dárí ji àwòrán tó ṣú, pàápàá tí ìtàn bá ti mú un. Etí kì í dárí jini. Makirofóònù tó wà lórí kámẹ́rà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ àti ariwo. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìkángun yàrá kan, tí Sístà tó ń sunkún wà lórí àga lọ́hùn-ún, ohun tí makirofóònù máa kọ́kọ́ gbọ́ ni fáànù, kó tó kan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé àti àkùkọ aládùúgbò. Sístà ló máa gbẹ̀yìn. Palọ̀ tí wọ́n fi táìsì ṣe ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tún burú sí i. Ohùn á kọlu ògiri, á kọlu ilẹ̀, á padà wá bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gé fíìmù, nígbà tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kò já geere, á da ohùn dùùrù lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ibẹ̀ ni olùwòran á ti yí ìkànnì padà.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Mo rí ẹgbẹ́ kékeré kan tó so makirofóònù mọ́ orí ọ̀pá ìgbálẹ̀ gígùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e dání sókè orí àwọn òṣèré, ó ń ṣọ́ ọ kó má baà wọnú àwòrán. Wọ́n fi aṣọ ìbora àti kọ́tìnì nípọn bo ara ògiri tí kámẹ́rà kò rí, wọ́n tẹ́ fóòmù ìbùsùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé kejì, wọ́n fi wáyà gígùn fa iná wá, wọ́n sì pa fáànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ń bọ́ lára gbogbo wọn. Fóòmù funfun fífúyẹ́ inú páálí fíríìjì, èyí tí wọ́n máa ń kó dànù nígbà tí wọ́n bá ra fíríìjì tuntun, ni wọ́n fi dá ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé padà sí ojú òṣèré. Kí wọ́n tó kúrò ní yàrá náà, olùdarí ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Èyí ni ẹni tó ń gé fíìmù máa fi dí àlàfo láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, kí etí má baà mọ ibi tí wọ́n ti gé e. Nígbà tí fíìmù náà jáde, a gbọ́ bí ìyá tó ń gbàdúrà ṣe ń mí. Kò sí ẹni tó béèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n lò.

Lẹ́yìn etí, ìtàn ló kàn. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, a ti mọ́ ọn lára láti jókòó ti eré Yorùbá nírọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn oníhìnrere wá ra àkókò lórí tẹlifíṣọ̀n fún fíìmù wọn ní ọdún 1990 síwájú, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ, ní gígé sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kò ní àyè ìwàásù gígùn. Ó gbọ́dọ̀ parí ọ̀sẹ̀ kan síbi tí ọkàn olùwòran kò ti ní balẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìkálọ́wọ́kò yẹn ṣe wọ́n lóore. Nígbà tí VCD dé, tí YouTube tún dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú mọ́. Fíìmù tó yẹ kó parí ní wákàtí kan di apá mẹ́rin, pásítọ̀ inú rẹ̀ sì ń ka ẹsẹ Bíbélì mẹ́jọ tẹ̀léra nígbà tí ìyá tí ọkọ rẹ̀ lé jáde ń dúró dè é.

Mo tún ní ohun kan láti sọ nípa babaláwo inú fíìmù, mo sì ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti sọ ọ́ di ojúṣe wọn láti gbé gbogbo ẹ̀bi ilé kan lé oníṣẹ̀ṣe tàbí ìyá ọkọ lórí. Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, àjẹ́ ló fà á. Bí ọmọ bá jalè, àjẹ́ náà ni. Ó rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ń bu ẹ̀tẹ́ lu àwọn baba wa láìnídìí. Àwọn fíìmù tó ti wọ̀ mí lára jù ni èyí tí ọ̀tá ti wà nínú ilé onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀: òbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè fún ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àkọlé Busy But Guilty ti Mount Zion ti fi hàn, alàgbà tó ń ṣe jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì ń ṣe bí ẹkùn nílé. Nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá ń lọ, palọ̀ máa ń pa rọ́rọ́. Ọkọ kò ní wo ojú ìyàwó. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti dá fíìmù dúró ní agbedeméjì, tí bàbá ilé bẹ ìdílé rẹ̀, tí wọ́n sì gbàdúrà pọ̀ kí wọ́n tó tún tàn án.

Ibẹ̀ ni adùn eré wọ̀nyí wà, ohun tí owó kò lè tètè rà sì ni. Ilé tí a rí nínú wọn jọ ilé wa. Wọ́n ń ṣe àmúlùmálà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀wù tí Bùrọ́dá wọ̀ lọ sí ilé àna rẹ̀ tóbi jù fún un díẹ̀, bí ẹ̀wù tí èèyàn yá ṣe máa ń tóbi. Ọmọ tálákà tó fẹ́ gbéyàwó sì ni lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bá ta aṣọ funfun sára ògiri iléèwé ní abúlé, tí wọ́n gbé pírójẹ́ẹ́tọ̀ kalẹ̀, tí àgbàlagbà àtọmọdé gbé àpótí wá jókòó nínú ọyẹ́, kò sí ẹni tó ń bínú pé àwòrán ṣú. Wọ́n ń dá òṣèré lóhùn. Wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ oúnjẹ yẹn. Tí ìpè bá sì wá níparí eré pé kí ẹni tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ fún Jésù jáde wá, àwọn kan máa ń jáde nítòótọ́.

Iṣẹ́ náà kò dúró sójú kan. Fíìmù The Train, tó jáde ní 2020, sọ bí ìpè Mike Bamiloye ṣe bẹ̀rẹ̀; àwòrán àti ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn fíìmù àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tó jìnnà. Eré Abejoye tí Shola Mike Agboola àti ẹgbẹ́ rẹ̀, EVOM, gbé jáde di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò lórí YouTube, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó, tí òbí wọn ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Àkúrẹ́ àti Abẹ́òkúta kò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe é ni, wọ́n sì ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí kámẹ́rà, torí kámẹ́rà ni gbogbo ènìyàn ń rí.

Ẹ̀yin alàgbà àti ìyá ìjọ tí àwọn ọ̀dọ́ yìí máa ń wá bá fún ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n bá tún dé, ẹ má kọ́kọ́ ra kámẹ́rà. Ẹ ra makirofóònù tó dára méjì fún wọn. Ẹ fún ẹni tó ń kọ ìtàn ní owó oúnjẹ oṣù díẹ̀ kó lè jókòó kọ ọ́, kó tún un kọ, kó sì fún àgbà kan nínú ìjọ kà kí wọ́n tó pín ipa. Ẹ san owó ọkọ̀ àwọn òṣèré. Àwọn ọmọ yìí ti ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tó. Ẹ̀yin tó ń wò ó lórí fóònù náà, tí fíìmù bá ti ran ilé yín lọ́wọ́, nọ́ńbà àkáǹtì sábà máa ń wà níparí rẹ̀. Ẹ fi nǹkan ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn ní pàtó ibi tí ẹ ò ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.